Ọ̀gá mi kọ "Irọ́" sí orí iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ. Ẹ gbà mí o!

Akẹ́kọ̀ọ́TóRẹ̀: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara da gígùn ọ̀rọ̀ mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí mi. Mi ò sùn, mi ò jẹun lásìkò, kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àná ni ọ̀gá mi dá a padà fún mi níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, wọ́n wá kọ "Irọ́" sí i. Ohun tí mo kọ ò ju pé nínú superconductor (nǹkan tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà nígbà tó bá tutù gan-an), símẹ́tírì gauge (òmìnira láti yí bí a ṣe kọ ìdọ́gba padà, láì yí ohun tí a lè wọ̀n padà) máa ń fọ́ fúnra rẹ̀. Ìwé mẹ́ta tí mo ní ló sọ bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ń jókòó tì mí kọ ọ́ sínú tirẹ̀, wọn ò bá a wí. Àbí torí pé mo pẹ́ dé ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni? Bírò pupa yẹn gan-an, tèmi ni, wọn ò tíì dá a padà. Ṣé kí n pààrọ̀ ọ̀gá ni?

Arìnrìnòru: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Èwo lo ní lọ́kàn, global (tí a yí phase, ìyẹn ibi tí ìgbì dé nínú yíyí rẹ̀, padà bákan náà níbi gbogbo) ni àbí local? Elitzur, onímọ̀ físíìsì, ti fi hàn láti 1975 pé èyí tó jẹ́ local, tí a lè yí phase rẹ̀ padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, kò lè fọ́ fúnra rẹ̀. Kò dà bíi mágínẹ́ẹ̀tì tó mú ọ̀nà kan kọjú sí. Bí o bá yí A (vector potential, tí a fi ń ṣírò pápá mágínẹ́ẹ̀tì) padà, tí o sì yí phase tẹ̀lé e, ipò kan náà lo ṣì wà, orúkọ lásán lo pààrọ̀. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́ta ò di èèyàn mẹ́ta.

ÌyáOníṣirò: Ọmọ mi, ti "Irọ́" ṣì kéré. Ọ̀gá tèmi nígbà náà ò kọ nǹkan kan, wọ́n kàn fi iṣẹ́ mi tẹ́ ife tíì. Odidi ọdún kan ni mo fi bínú. Lọ bẹ̀ wọ́n.

Awíyànjú: Ẹ̀gbọ́n Arìnrìnòru, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Tí nǹkan kan ò bá fọ́, kí ló ń lé pápá mágínẹ́ẹ̀tì jáde bí Meissner àti Ochsenfeld ṣe rí i ní 1933? Ginzburg àti Landau fi phase sínú ìdọ́gba wọn ní 1950, phase yẹn sì mú iye kan. Gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń sọ pé símẹ́tírì fọ́, iṣẹ́ wọn sì ń lọ.

Arìnrìnòru: Ta ló mú iye yẹn? Ìwọ tó ń ṣírò lo mú un, irin náà ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí a lè wọ̀n ni ìyàtọ̀ phase láàárín superconductor méjì, bí Josephson ṣe sọ ní 1962, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ ní A nínú kó tó pé. Tàbí kí o wọn flux (iye pápá mágínẹ́ẹ̀tì tó gba ihò kọjá) inú òrùka superconductor: h/2e (h ni iye Planck, e ni charge ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan) ló ń gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 2.07 × 10⁻¹⁵ weber. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n láti 1961. Gauge tó bá wù ọ́ ni kí o lò, iye yẹn ò ní yẹ̀.

Awíyànjú: Mi ò bá yín jiyàn lórí òrùka. Lórí ọ̀rọ̀ "fọ́" ni mo wà.

Akẹ́kọ̀ọ́TóRẹ̀: Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí pípààrọ̀ ọ̀gá. Global tàbí local, mi ò kọ ọ́, àwọn ìwé yẹn náà ò kọ ọ́. Mi ò rí ohun tí mo ṣe.

ÌyáOníṣirò: Lọ bẹ̀ wọ́n, mo ní.

Ẹlẹ́rọ̀Títutù: Ọ̀gá kan kì í torí ọ̀rọ̀ ẹnu dá odidi orí padà. Ìṣirò wo ló wà lẹ́yìn gbólóhùn yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́TóRẹ̀: Ó dáa. Láti inú BCS (àlàyé Bardeen, Cooper àti Schrieffer lórí superconductor) ni mo ti ṣírò ìṣàn iná. Mo lo gauge tí div A ti jẹ́ òdo (tí A ò tú jáde láti ojú kan), ìdọ́gba London (tó so ìṣàn iná mọ́ A) jáde wẹ́rẹ́. Ọ̀gá ní kí n fi A tó jẹ́ gradient lásán (bí iye kan ṣe ń yí padà láti ibì kan sí èkejì, tí kò mú pápá mágínẹ́ẹ̀tì wá) dán an wò. Mo dán an wò, ìṣàn iná ṣì jáde. Mo wá kọ ọ́ pé ẹ̀rí pé gauge fọ́ nìyẹn, pé charge (iye iná tó wà nínú nǹkan) kì í pé nínú superconductor. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀.

Awíyànjú: Háà.

Arìnrìnòru: O ò sọ èyí látàárọ̀! A lásán, pápá mágínẹ́ẹ̀tì ò sí, pápá iná ò sí, ìṣàn iná wá ń jáde láti ibo?

Ẹlẹ́rọ̀Títutù: Má sunkún, ẹni ńlá ti ní ìdààmú yìí rí. Nambu, onímọ̀ físíìsì, gbọ́ ọ̀rọ̀ Schrieffer ní Chicago kí ìwé BCS tó jáde ní 1957, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá, torí ó jọ pé iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò pé nínú rẹ̀. Ní 1960 ló tú u palẹ̀: tí o bá ti yí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà bí BCS ṣe yí i, o gbọ́dọ̀ tún ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti pápá ti pàdé ṣe pẹ̀lú. Ìwọ tún ọ̀kan ṣe, o fi ìkejì sílẹ̀. Phase lo dè mọ́lẹ̀. Ìṣàn iná ń tẹ̀lé ħ∇θ − 2eA (θ ni phase, ∇θ ni gradient rẹ̀, ħ sì ni h tí a fi 2π pín). Bí A bá jẹ́ gradient, θ á sún tẹ̀lé e, méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Ìdí tí div A òdo fi gbà ọ́ ni pé θ ò níṣẹ́ níbẹ̀. Nínú hílíọ́ọ̀mù olómi, tí kò ní charge, sísún θ yẹn máa ń rìn bí ìró. Nínú superconductor, agbára Coulomb (tí charge fi ń ti ara wọn) gbé e lọ sókè di plasmon (mímì tí gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń mì pọ̀).

Akẹ́kọ̀ọ́TóRẹ̀: Nambu… Ẹ dúró. Wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ "Irọ́" yẹn. "Nambu 1960." Mo rò pé nọ́mbà àpótí ìwé ni.

Arìnrìnòru: O ní "Irọ́" nìkan ni wọ́n kọ!

Akẹ́kọ̀ọ́TóRẹ̀: Òun ló tóbi jù, ẹ̀gbọ́n.

Awíyànjú: Kó yé wa o, èmi ṣì ń sọ pé ó fọ́. Charge tó ń sọ nù ni mi ò bá a lọ́wọ́ sí.

ÌyáOníṣirò: Tí o bá ń lọ bẹ̀ wọ́n, gba bírò rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́TóRẹ̀: Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ̀, ṣé mo lè fi ojú ìwé mẹ́rìnlá yẹn ṣe àfikún ní ẹ̀yìn ìwé?

Ẹlẹ́rọ̀Títutù: Rárá.