Owó oṣù mi pọ̀, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì mi kéré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọmọ ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Èkó, mílíọ̀nù méjì náírà sì ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ owó orí. Ó wù mí kí n fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 55. Nígbà tí mo yẹ ìwé owó oṣù mi wò dáadáa, mo rí i pé 162,000 náírà péré ló ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi lóṣù, àti èyí tí wọ́n yọ lára owó mi àti èyí tí iléeṣẹ́ fi kún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin ní kí ó jẹ́ ìdá 18 nínú 100. Ọkọ mi ní kí a fi gbogbo owó tí a ti tọ́jú kọ́ ilé onífúláàtì mẹ́rin sí Mọ́wé, kí a máa gba owó ilé jẹun lọ́jọ́ ogbó, kí n sì gba ìdá 25 nínú owó ìfẹ̀yìntì mi láti fi parí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ṣì wà ní ilé-ìwé girama. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbà?

Oníṣirò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ni mò ń ṣe, ohun tí ẹ rí yìí sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí owó wọn tóbi. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí àpapọ̀ owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan, bí kò bá ti dín sí ìyẹn. Ìdá 18 nínú 900,000 ni 162,000 tí ẹ rí. Ìyẹn ni pé mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà tí wọ́n pè ní àjẹmọ́nú oríṣiríṣi kò wọ inú ìṣirò rárá. Iléeṣẹ́ yín kò rú òfin, ṣùgbọ́n bí ìdá 8 péré nínú owó tí ẹ ń gbà ni wọ́n ń tọ́jú dè yín, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé kékeré tí kò ní àjẹmọ́nú kankan máa rí ìdá 18 gbáko nínú tirẹ̀.

Ẹ lè kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ pé kí wọ́n máa yọ àfikún tí ẹ fúnra yín fẹ́. Òfin náà sọ pé bí ẹ bá yọ ọ́ kí ọdún márùn-ún tó pé, ẹ óò san owó orí lórí èrè rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi àwọn tó ń bójú tó àkáǹtì yín pé èló ni ẹ lè gbà nínú àfikún yìí kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn.

Ní ti ìdá 25, àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ra ilé tí wọn yóò máa gbé ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò owó ìfẹ̀yìntì, ṣe é fún. Ọwọ́ ẹni tó ń yáni lówó ilé ni wọ́n ń san án sí, kì í wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà kò lè parí fúláàtì tí ẹ fẹ́ fi háyà.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ní ilé tí mo fi háyà, nítorí náà n kò ní bá ẹ bú ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ilé kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gé igun kan rẹ̀ tà lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé. Ní ọdún tí ìjì ká páànù ilé mi, ayálégbé kan jẹ mí lówó, fúláàtì kejì ṣófo, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Owó tó ń wọlé láti àkáǹtì ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù ló gbé wa ró. Èmi yàn pé kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ máa san án fún mi díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́kù di ti àwọn ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ mi gbé tirẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò, tí yóò máa san án fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ jókòó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ óò máa ná lóṣù sílẹ̀ ní ọdún 55: oúnjẹ, oògùn, iná, epo ọkọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ bíríkì.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí arábìnrin wa kó gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ní ilé kò pàdánù bí ẹni tó kó owó sí báǹkì. Mo gbà pé kí ẹ kọ́ ilé, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ fúláàtì méjì tí ẹ lè parí láìyá owó, kí ẹ sì fi díẹ̀ sí àpò ìdókòwò onídọ́là tí SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, fọwọ́ sí.

Ẹ má gbàgbé owó ilé-ìwé. Ó ṣeé ṣe kí èyí àbúrò ṣì wà ní yunifásítì nígbà tí ẹ bá pé ọdún 53, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń tú owó ogbó wọn ná. Ẹ ya ti ọmọ sọ́tọ̀ pátápátá.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èmi àti ọkọ mi ti jọ ka ohun tí ẹ kọ, ó sì ti gbà pé kí a dín in kù sí fúláàtì méjì. N ó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ pé kí wọ́n máa yọ 150,000 náírà sí i lóṣù.

Oníṣirò

Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má wulẹ̀ kọ 150,000 sínú lẹ́tà náà. Ìdá 7 àtààbọ̀ nínú gbogbo owó oṣù ni kí ẹ kọ, kí àfikún náà lè máa ga bí owó oṣù bá ṣe ń ga. Kí ẹ sì máa yẹ àkáǹtì yín wò lóṣooṣù, nítorí òfin fún iléeṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn owó oṣù láti fi owó náà ránṣẹ́.