Níbo lẹ gbé ọ̀kadà sí kí ẹ tó wọgbó? Ọ̀rọ̀ olè ọ̀kadà àti ìbọn ọdẹ

Ọdẹ Òkè-Ògùn:

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kú òru, ẹ kú ewu igbó. Olè tó ń jí ọ̀kadà ọdẹ kì í wá ọdẹ kiri, ìró ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ́tí sí. Bí ọ̀kadà bá ń dún bọ̀ lálẹ́ tó wá dákẹ́ lójijì lójú ọ̀nà oko, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ti mọ ibi tó dúró, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó gùn ún kò ní í padà kí àkùkọ tó kọ. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn. Kò sí àgádágodo tó lè bá olè fa wákàtí mẹ́fà. Ibi tí a gbé ọ̀kadà sí ló ṣáájú ohun tí a fi tì í.

Ahéré ló dára jù, ahéré tí ènìyàn ń sùn ní ti gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá lọ́sàn-án nìkan. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ kí bàbá tó loko, kí ẹ sọ apá ibi tí ẹ ń dẹ lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà. Ẹni tó dé ní aago mọ́kànlá òru tó rọra gbé ọ̀kadà sẹ́yìn ilé kò ní ẹni tó ń bá a ṣọ́ ọ. Bí ẹlòmíràn bá tì í lọ ní aago méjì, bàbá á rò pé ẹni tó ni ín ló wá gbé e. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ máa pè é kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kadà nígbà tí ẹ bá padà. Bí ẹ bá rí ẹran pa, ẹ má ṣe gbàgbé ilé yẹn. Itan kan tí ẹ fún wọn ló ń mú kí ọmọ ilé dìde wòta nígbà tí ajá bá gbó.

Bí kò bá sí ahéré, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ṣáájú ibi tí ẹ máa yà, kí ẹ tì í ní nǹkan bí igba ìṣísẹ̀. Ẹ gba orí ilẹ̀ líle tàbí àpáta wọgbó, torí ipa táyà lórí ilẹ̀ rírọ̀ kò ṣé bò. Koríko tí táyà tẹ̀ máa ń dorí kọ ibi tí ọ̀kadà gbà lọ. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ fi ọ̀pá gbé e dìde.

Ohun kékeré tó ń tú àṣírí jù ni gíláàsì pupa ẹ̀yìn ọ̀kadà. Tọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn á kàn gba orí ewé kọjá, gíláàsì yẹn á pọ́n yòò bí ojú ẹran. Olè á rí i, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ tí kò mọ̀ lè yìnbọn sí i. Ẹ fi àkísà dúdú wé e, kí ẹ wé dígí méjèèjì àti iná iwájú pẹ̀lú.

Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má gbé e sínú koríko gbígbẹ rárá. Sàlẹ́ńsà tó gbóná lè dáná sí i, iná igbó sì lè ti ìlú kejì dé bá a. Ilẹ̀ tó ti jó tẹ́lẹ̀ tàbí ebè tuntun ló yẹ ẹ́.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n fi ti irin kún un. Kí ẹ má gbọ́kàn lé kọ́kọ́rọ́ ọrùn ọ̀kadà. Irin kékeré kan ló di í mú. Bí ènìyàn méjì bá fi agbára já ọwọ́ ọ̀kadà lójijì, ó ti kán. Kọ́kọ́rọ́ iná náà kì í ṣe ààbò. Àwọn ọ̀kadà kan wà, pàápàá àwọn tọ́jọ́ ti lọ lórí wọn, tí CDI wọn, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ta iná sí plọ́ọ̀gì, kì í gba iná láti ara bátìrì. Ní ara ìyẹn, bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ńṣe ló ń darí iná sí ara irin ọ̀kadà kó má baà dé plọ́ọ̀gì. Bí olè bá fa sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́rọ́ yọ lẹ́yìn iná iwájú, á tẹ̀ ẹ́ dún láìsí kọ́kọ́rọ́. Èyí tí CDI rẹ̀ ń gba iná bátìrì ò ní í dún bẹ́ẹ̀, ó di kó so wáyà pọ̀, ìyẹn ò sì gba ìṣẹ́jú méjì.

Ìdí nìyẹn tí súwíìṣì ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fi sára wáyà kọ́kọ́rọ́ kì í fi í ṣiṣẹ́: olè á ti so wáyà kọjá rẹ̀. Wáyà pulser ni kí ẹ gé, èyí tó ti ọ̀dọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì wá sí CDI. Ibẹ̀ ni kí súwíìṣì wà. Bí ó bá ti pa, CDI ò ní í mọ ìgbà tí yóò ta iná, bóyá ọ̀kadà ń lo bátìrì tàbí kò lò ó. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú wáyà pọ̀, ẹ má kàn lọ́ ọ kí ẹ lẹ téépù mọ́ ọn, torí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà oko á tú u, ọ̀kadà á sì kú sí yín lọ́wọ́ láàárín igbó. Ẹ ra súwíìṣì tó ní rọ́bà lórí, kí omi má wọ̀ ọ́. Ẹ má fi sábẹ́ àga, ibẹ̀ lolè kọ́kọ́ ń wò.

Ẹni tí kò fẹ́ gé wáyà, kó yọ CDI fúnra rẹ̀ kó fi sápò. Kò tóbi. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ dì mú, ẹ má fi wáyà fà á. Ẹ wé CDI sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi ọ̀rá mìíràn dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù, torí ìrì àti èèrà. Àwọn kan máa ń yọ plọ́ọ̀gì, ìyẹn ò dáa: yanrìn á já sínú sìlíńdà.

Ọ̀kadà tí kò dún ṣì ṣé gbé sínú ọkọ̀ o. Ẹ wá ẹ̀wọ̀n irin líle tó nípọn tó mìlímítà 10, ó kéré tán. Ẹ mú un gba inú férémù kọjá, kì í ṣe inú táyà iwájú, torí sípánà ń tú táyà. Ẹ so ó mọ́ igi ní òkè orúnkún. Ẹ̀wọ̀n tó bá sùn sílẹ̀, olè á gbé e lé òkúta, á fi òkúta kejì fọ́ ọ. Igi tó wà láàyè, tó nípọn tó sì pẹ̀ka lókè ni kó jẹ́, bí igi èmì. Àgúnmániyè ò tó nǹkan lẹ́nu àdá. Ẹ jẹ́ kí ojú ihò àgádágodo kọ ilẹ̀, kí òjò má wọ̀ ọ́.

Ọdẹ Ìbàràpá:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ yé mi, àfi pé ẹ ò dárúkọ ààlè. Ìkarahun ìgbín, kùùkù àgbàdo, àjákù ìgbálẹ̀ tàbí àkísà tí a so mọ́ ọ̀kadà ń sọ fún ará oko pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló ni ín. Ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Olè tó ti ìgboro wá ò kà á sí. Ẹ so ó mọ́ ara ọ̀kadà nínú igbó lọ́hùn-ún, ẹ má so ó sójú ọ̀nà, kó má baà di atọ́nà fún olè.

Ti ìbọn ló le jù, torí ohun tí olè bá fi ṣe, ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ ìbọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Ẹ má fi ìbọn sórí ọ̀kadà, kódà fún ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi ra omi. Bí ẹ bá máa sùn ní ahéré pẹ̀lú ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín, ẹ yọ ọta, kí ẹ yọ igi kékeré abẹ́ ọ̀pá ìbọn, kí ẹ fi í sápò. Láìsí i, ọ̀pá àti ìdí ìbọn á ya ara wọn, kò sì wúlò fún ẹni tó bá jí i. Ti ṣakabùlà, ẹ gbé e sáàárín ara yín àti ògiri, ẹ má fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀tù àti ọta kò gbọdọ̀ bá ìbọn wà nínú àpò kan náà. Ẹ tọ́jú ìwé àṣẹ sínú ọ̀rá lára yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé.

Ẹ̀rọ atọpa tó ń lo síìmù kì í fi ibi tó wà ránṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ igbó wa ló sì rí bẹ́ẹ̀. Ó wúlò nígbà tí olè bá jáde sí títì. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, kí ẹ fi sábẹ́ táńkì epo.

Ẹ má gbé ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ Old Oyo National Park pé ẹ fẹ́ dẹ inú rẹ̀. Láti 1991 tó ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀ ti di èèwọ̀. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá kó o, kì í ṣe olè ló kó o.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà:

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílé kí ẹ tó jáde: ti ṣáásì wà ní ọrùn ọ̀kadà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí, ti ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi kẹ́rọ́síìnì nu ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó ya á ní fótò. Bó bá sọnù, ẹ pe ẹgbẹ́ ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ipa táyà, lẹ́yìn náà ẹ pe àwọn tó ń ta epo inú ìgò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ti kókì epo pa, epo tó kù nínú kábúrétọ̀ kì í gbé e jìnnà. Olè tí kò mọ̀ á rò pé epo ti tán, ọ̀dọ̀ wọn ló máa tì í lọ.