Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: ṣé kí n ra ẹ́ńjìnnì mìíràn fún Sienna wa ni, àbí kí n tà á?

Tíṣà, Kábà

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Inú mi bàjẹ́ gidigidi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ tí mo fi gbogbo owó ọwọ́ mi rà fún ìyàwó àti àwọn ọmọ mi ti dúró sí ọgbà mẹkáníìkì láti ọjọ́ 11 sẹ́yìn, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe tí irú ìyà báyìí fi tọ́ sí mi.

Toyota Sienna ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀ ni, Ìlọrin ni mo sì ti rà á ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ní ₦5,500,000. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé òun kò jẹ́ ta ọkọ̀ tí kò dára fún olùkọ́ tí ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a gbé e dé ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ fi dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tí ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, há mọ́ ojú kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ márààrún ń gbà wọlé gbà jáde. Mo tún èyí ṣe, mo tún tọ̀hún ṣe. Ní báyìí, ìyàwó mi ti padà sí orí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹrù aṣọ tí ó ń tà. Ìyá mi tí ó wà ní Ìsánlú, tí a máa ń gbé lọ rí dókítà ojú ní Lọ́kọ́jà lóṣooṣù, kò lè lọ ní oṣù yìí. Àbúrò ìyàwó mi sì dìde níbi ìkómọjáde kan, ó ní ṣebí òun ti sọ pé ọkọ̀ tí ó bá ju agbára ẹni lọ, ìtìjú ni yóò bí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé irin inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí n lọ wá ₦1,400,000 kí òun lè bá mi ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn, kí n sì yára nítorí pé ẹlòmíràn ti ń ná an. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n rà á ni, àbí kí n ta ọkọ̀ yìí bí ó ṣe wà kí n fi owó rẹ̀ wá Corolla?

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Ẹ kú ìrọ́jú, Tíṣà, Ọlọ́run yóò bá yín ṣe é. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ohun tí ojú èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi rí pẹ̀lú Honda Odyssey tí a rà nígbà tí mo bí àwọn ìbejì. Ọkọ̀ yẹn fẹ̀, ó sì tutù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ń lọ sí Adó-Èkìtì fún ìsìnkú, jíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní kété tí a kọjá Òmùò: ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò rìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí a ti pààrọ̀ jíà lẹ́ẹ̀kan ni a tó mọ̀ pé òróró jíà tí ọmọkùnrin tí ń bá wa tọ́jú rẹ̀ bá pàdé lọ́jà ni ó ń dà sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni Honda ní òróró jíà tirẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. Jíà kejì náà kò pé ọdún kan. Nígbẹ̀yìn, àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà ni wọ́n rà á lọ́wọ́ wa ní owó tí n kò fẹ́ rántí. Ẹ tà á nísinsìnyí tí ẹni tí yóò rà á ṣì wà.

Awakọ̀ Àgbà, Ẹ̀gbẹ́

Tíṣà, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí a lè dì mú níbẹ̀. Ọdún wo ni wọ́n ṣe Sienna náà? Mélòó ni ó wà lójú aago rẹ̀? Níbo ni ó ti dúró, báwo ni ó sì ṣe dúró? Ṣé iná òróró pupa tàn kí ó tó kú, ṣé ó gbóná, ṣé ó ké? Ẹni tí ó bá ní kí ẹ rà tàbí kí ẹ tà kí ẹ tó dáhùn nǹkan wọ̀nyí, inú ìkòkò tí wọ́n dé ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Akọ̀wé, Mọ̀pà

N kò fẹ́ dá kún ìbànújẹ́ yín, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìjọba tí ó mọ iye tí ó ń gbà lóṣù kò yẹ kí ó gbé ọkọ̀ oní-sìlíńdà mẹ́fà wá sílé. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹnikẹ́ni kò tún fi pẹtiróòlù ṣeré mọ́. Corolla oní-sìlíńdà mẹ́rin ni ó bá yín mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àbúrò ìyàwó yín, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ korò.

Tíṣà, Kábà

Ẹ ṣeun. Akọ̀wé, èmi àti ìyàwó mi, ọmọ márùn-ún, àti ìyá mi, ènìyàn mẹ́jọ ni. Corolla kò gbà ju ènìyàn márùn-ún lọ, n kò sì lè to àwọn ọmọ lé ara wọn lórí bí àpò gààrí lójú ọ̀nà tí tírélà símẹ́ǹtì ti ń sáré. Kí n tó kọ̀wé síbí ni mo ti rò ó pé bóyá kí a máa lọ ní ìlọ méjì nínú Corolla, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéraga ni ó mú mi ra Sienna. Ní ti ọdún, 2008 ni ẹni tí ó tà á sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lórí ìwé tí ó fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo béèrè.

Mẹkáníìkì, Odò-Ẹ̀rẹ́

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ má bínú, inú ọdún yẹn ni ìdáhùn yín wà. Sienna 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnnì 3.3 ni ó wà nínú wọn, bẹ́líìtì onírọ́bà tí à ń pè ní táìmìn bẹ́líìtì ni ó sì ń yí inú rẹ̀. Sienna 2007 sí 2010, ẹ́ńjìnnì 3.5 ni, ṣéènì onírin ni ó ń lò, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà òróró kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí ó máa ń bẹ́ nígbà tí ó bá gbó, tí òróró yóò sì tú jáde kí awakọ̀ tó fura. Àìsàn ọ̀kan kì í ṣe àìsàn èkejì.

Ẹ fi ìwé tí wọ́n fún yín sílẹ̀ ná. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣí tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, àmì 17 ni. Ẹ ka àmì kẹwàá láti apá òsì. Bí ó bá jẹ́ 4, ọkọ̀ 2004 ni. Bí ó bá jẹ́ 5, ọkọ̀ 2005 ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé 9. A ni 2010, B sì ni 2011. Ẹ tún wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀.

Oníṣòwò, Ẹ̀kìnrìn-Àdé

Ohun tí ó fa gbogbo èyí ni pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni a ń rà tí a ń pè é ní ọkọ̀ Japan. Bí àmì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ṣáṣí kò bá jẹ́ J, kì í ṣe Japan ni wọ́n ti ṣe é. Àmì 1, 4 àti 5, Amẹ́ríkà ni; 2, Kánádà ni. Bí èmi bá fẹ́ ra ọkọ̀ ẹbí, Japan tààrà ni n ó ní kí wọ́n ti bá mi gbé e.

Awakọ̀ Àgbà, Ẹ̀gbẹ́

Àbúrò, ẹ má ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Apá ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ tí àwọn ará Japan ń lò wà, òfin wa kò sì gba irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì yí ìdarí sí òsì ti tú ohun tí kò yẹ kí a tú. Princeton ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe Sienna láti orí ti 2004, mo sì ti wa mẹ́ta nínú wọn láti Ẹ̀gbẹ́ dé Èkó. Èyí tí a tọ́jú nínú wọn kò já mi kulẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ nọ́ńbà Tíṣà.

Tíṣà, Kábà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọgbà mẹkáníìkì dé, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. 5TD ni ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, àmì kẹwàá sì jẹ́ 5. Lórí ìwé pélébé ara òpó ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi nǹkan ẹlẹ́nu ha ibi tí ó yẹ kí ọdún wà. Ọkọ̀ 2005 ni wọ́n tà fún mi ní 2008! Aago rẹ̀ wà ní 142,000.

Akọ̀wé, Mọ̀pà

Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ àlòkù tí ó bá ti lé ní ọdún 12 wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè kò gbà kí a kó wọlé, wọ́n sì ti de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Ọkọ̀ 2005 tí wọ́n tà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí kò bá jẹ́ fàyàwọ́, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí tí wọ́n kàn kùn ún ní ọ̀dà. Ẹ gbé ẹni tí ó tà á lọ sílé ẹjọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Ẹ̀yin ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ kò tíì dìde. Mo bi àbúrò mi tí ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Lọ́kọ́jà, ó ní bẹ́líìtì yẹn ń lo 145,000 kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Aago Tíṣà kò tíì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe bẹ́líìtì. Ẹ tà á.

Mẹkáníìkì, Odò-Ẹ̀rẹ́

Ìyá wa, àbúrò yín kò purọ́, ṣùgbọ́n kìlómítà ni 145,000 tí ó sọ. Máìlì ni aago ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, 90,000 máìlì sì ni wọ́n ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì náà. 142,000 máìlì ti lé ní 228,000 kìlómítà. Bí kò bá sí ẹni tí ó ti pààrọ̀ rẹ̀ rí, ó ti kọjá àkókò rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Ọ̀gá Tíṣà tó gbé e kúrò ní Ìlọrin.

Ọ̀gá Tíṣà, ìgbà kejì rèé tí a ń bi yín: báwo ni ọkọ̀ náà ṣe kú? Ta sì ni ó ti ṣí ìdérí bẹ́líìtì wò?

Tíṣà, Kábà

N kò fẹ́ sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe mí lóore, n kò lè máa fi í pamọ́ fún yín mọ́. Kì í ṣe èmi àti ẹbí mi ni a wà nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń fi kó èrò láàárín Kábà àti Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ Ẹtì àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nítorí pé mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kún èyí tí mo ní, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ènìyàn mẹ́wàá ni a wà nínú rẹ̀, àpò iṣu mẹ́fà sì wà lórí rẹ̀. A ti wà lójú ọ̀nà kọnkéré, a kò tíì dé Ọ̀bàjànà.

Iná òróró kò tàn. Aago ìgbóná wà láàárín. N kò gbọ́ ariwo kankan. Ńṣe ni ó dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, sítátà ń yí, ó tilẹ̀ fúyẹ́ ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò gbà. Mẹkáníìkì mi kò ṣí ohunkóhun. Ó gbọ́ ìró sítátà náà, ó mi orí, ó ní ó ti nọ́ọ̀kì. Ìyàwó mi mọ̀ nípa ẹ̀yáwó, kò mọ̀ nípa èrò.

Awakọ̀ Àgbà, Ẹ̀gbẹ́

Tíṣà, ènìyàn mẹ́wàá nínú ọkọ̀ ènìyàn mẹ́jọ! Ìwé adójútòfò ẹni kẹta tí ẹ san ₦15,000 fún, ti ọkọ̀ àdáni ni, nọ́ńbà ọkọ̀ yín sì jẹ́ ti àdáni. Bí ẹnìkan bá ṣèṣe nínú èrò wọ̀nyẹn, ilé iṣẹ́ adójútòfò kò ní dá yín lóhùn, ẹ̀yin nìkan ni ẹ óò dúró níwájú àwọn ẹbí rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kó èrò, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Ẹ rọra bá a wí. Ẹni tí ó ní ọmọ márùn-ún nílé ìwé, tí wọ́n ń yọ gbèsè nínú owó oṣù rẹ̀, kò jalè. Ṣùgbọ́n, Tíṣà, ẹ sọ fún ìyàwó yín lónìí, kí ó má baà jẹ́ ẹnu èrò ni yóò ti gbọ́ ọ.

Mẹkáníìkì, Odò-Ẹ̀rẹ́

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó bá nọ́ọ̀kì yóò ti ké kí ó tó kú, sítátà rẹ̀ yóò sì wúwo tàbí kí ó má yí rárá. Ẹ́ńjìnnì tí ó dákẹ́ láìké, tí sítátà rẹ̀ wá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bẹ́líìtì tí ó já ni ó jọ. Kí ẹlòmíràn tí kò ní ẹ́ńjìnnì láti tà fún yín ṣí ìdérí òkè wò, nọ́ọ̀tù díẹ̀ ni ó dè é. Bí bẹ́líìtì bá ti já, kí ó fi tuntun sí i, kí àwọn àmì ara púlì àti ti ẹ́ńjìnnì bá ara wọn mu, kí ó sì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí fáàfù kan, irin tí ń ṣí tí ń pa ẹnu sìlíńdà, bá ti tẹ̀ nígbà tí bẹ́líìtì já, orí ẹ́ńjìnnì ni a óò tú. Bí ìkankan kò bá tẹ̀, ọkọ̀ yín ti dìde nìyẹn.

Tíṣà, Kábà

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará mi. A ṣí i ní ọ̀sán òní. Bẹ́líìtì náà ti já sí méjì, orúkọ Toyota ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tí ó ṣí i sì ní ó jọ pé èyí tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà gan-an ni. Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí ó gbé owó bẹ́líìtì lé orí tábìlì kí ó tó lọ sọ́jà. N kò ní kó èrò mọ́. Ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọ̀ ọ́ bí ó bá dìde. Mẹkáníìkì mi àtijọ́ ṣì ń sọ pé kí a jẹ́ kí òun yí sítátà lẹ́ẹ̀kan sí i kí gbogbo wa lè gbọ́ bí ó ṣe nọ́ọ̀kì. Kí ni kí n rà mọ́ bẹ́líìtì?

Mẹkáníìkì, Odò-Ẹ̀rẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ okùn bátìrì kúrò lórí rẹ̀ lálẹ́ òní. Fáàfù tí kò tíì tẹ̀ lè tẹ̀ níbi tí ẹ ti ń yí i láìsí bẹ́líìtì. Ẹ ra pọ́ǹpù omi pẹ̀lú, nítorí pé bẹ́líìtì yìí kan náà ni ó ń yí i; ẹ ra èyí tí ń fa bẹ́líìtì le àti púlì méjèèjì tí ó ń gbà kọjá. Ẹ mú èyí tí ó já dání lọ sọ́jà, kí ẹ ka eyín rẹ̀ mọ́ ti tuntun kí ẹ tó sanwó.