Ṣé akọ̀wé ni Bevin? Lórí orúkọ ipò àwọn mínísítà ìjọba Attlee

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi tí ọ̀rọ̀ èdè yìí jẹ lógún. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí wọ́n ti fún àwọn ipò inú ìjọba tí Clement Attlee darí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1945 sí 1951 ní orúkọ Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n pe Ernest Bevin ní "Akọ̀wé Ilẹ̀ Òkèèrè" (Foreign Secretary), wọ́n sì pe James Chuter Ede ní "Akọ̀wé Abẹ́lé" (Home Secretary), ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a dúró sí díẹ̀, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan yìí lè ṣi òǹkàwé lọ́nà ju gbogbo ìyókù lọ.

Lọ́dọ̀ wa, akọ̀wé ni ẹni tó ń kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá sọ tàbí tí wọ́n bá pinnu sílẹ̀, bóyá nínú ẹgbẹ́, bóyá ní kóòtù. A sì tún ń pe ẹni tó kàwé tó ń jókòó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ìtàn Bevin fúnra rẹ̀ ló fi ìṣòro náà hàn jù. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó fi ẹṣin wa ọkọ̀ ẹrù ní Bristol, ó sì di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà láti 1922 títí di 1940. Níbẹ̀ yẹn, akọ̀wé àgbà tọ́ sí i, nítorí a ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé, a sì mọ ohun tí akọ̀wé rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó wá di ẹni tó ń bójú tó àjọṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gbogbo ayé ní 1945, tó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ààbò NATO ní Washington ní oṣù kẹrin 1949, bí a bá tún pè é ní akọ̀wé, òǹkàwé yóò rò pé iṣẹ́ kan náà ló ń bá bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i nígbà tí a bá rántí pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ga jù ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kì í bá ìbò wá tí kì í sì í bá ìbò lọ, ni a ti ń pè ní akọ̀wé àgbà. Ọ̀gá àti ẹni tó ń gba ọ̀gá nímọ̀ràn yóò wá máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, iṣẹ́ ló sì yẹ kí a wò kí a tó sọ ipò lórúkọ. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni Bevin, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì ni Chuter Ede.

Bákan náà ni "ààrẹ" fún "President of the Board of Trade". Harold Wilson tó di olórí Board of Trade ní 1947 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 31 kì í ṣe ààrẹ ẹnikẹ́ni. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ òwò ni.

Àbúrò wa kan sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni mínísítà, pé kí a fi "ìjòyè" rọ́pò rẹ̀, nítorí Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó dà bí ìgbìmọ̀ Attlee fún Aláàfin. Mo fẹ́ràn ọkàn tó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á. Oyè ìdílé ni oyè Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje. Àwọn ni wọ́n ń yan Aláàfin, ìtàn sì sọ fún wa pé wọ́n lè kọ Aláàfin nígbà àtijọ́. Ti Attlee yàtọ̀ pátápátá, nítorí òun ló ń yan àwọn tirẹ̀, òun ló sì ń yọ wọ́n tàbí tó ń ṣí wọn nípò padà. Ẹ jẹ́ kí mínísítà dúró. Ohun tó yẹ ká fi kún un ni àlàyé gbólóhùn kan, pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni mínísítà ti ń wá, kò sì ní fi ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Nàìjíríà, aṣòfin tó bá di mínísítà kò lè di ìjókòó rẹ̀ mú mọ́.

Kábínẹ́ẹ̀tì gan-an, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí olórí ìjọba ń bá jókòó ṣe ìpinnu, ni ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù. "Ìgbìmọ̀ mínísítà" tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá kò péye, nítorí kì í ṣe gbogbo mínísítà ló ń jókòó níbẹ̀. Emanuel Shinwell, mínísítà fún epo àti agbára, wà nínú rẹ̀ ní ìgbà òtútù líle 1947 tí èédú wọ́n gógó. Nígbà tí Attlee gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ́dún náà, mínísítà ṣì ni, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú kábínẹ́ẹ̀tì. Bawo ni a ṣe máa kọ èyí bí mínísítà àti kábínẹ́ẹ̀tì bá di ohun kan náà? Àbá tèmi ni "Ìgbìmọ̀ Ìyẹ̀wù". Yàrá kékeré inú lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbára lé, torí ìpilẹ̀ "mínísítà" ni "ìránṣẹ́", mi ò sì ní sọ pé ká máa pe Bevin ní ìránṣẹ́. Ohun tí mo gbára lé ni pé ìtumọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́: wọ́n jókòó níkọ̀kọ̀, wọ́n lè jiyàn bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa sọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìyẹ̀wù jẹ́ yóò lóye gbólóhùn náà, "Shinwell kúrò nínú Ìgbìmọ̀ Ìyẹ̀wù, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ mínísítà", láìsí àlàyé rárá.

Òfin ohùn kan yẹn náà nílò orúkọ. "Ojúṣe àjùmọ̀ní" (collective responsibility) tí a kọ tẹ́lẹ̀ kò sọ fún ènìyàn pé ẹrù ló wà níbẹ̀. Mo dábàá "àjọrù ìpinnu": ìpinnu tí gbogbo wọn jọ gbé rù, ẹni tí kò bá lè rù ú ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí yóò sì lọ. Aneurin Bevan (kì í ṣe Bevin o), tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 5 oṣù keje 1948, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1951 nítorí pé ìjọba fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sanwó fún eyín àtọwọ́dá àti awò ojú. Wilson bá a lọ. Kò lè ru ìpinnu náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí Arthur Creech Jones, ẹ̀gbọ́n wa kọ "Mínísítà Ilẹ̀ Amúnisìn". Mo gbà pé amúnisìn ni ìjọba náà ṣe. Creech Jones ni Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn aṣojú NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú ní Nàìjíríà, lọ bá ní London ní 1947 láti tako òfin ìpìlẹ̀ tí Richards, gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, ṣe, ó sì ní kí wọ́n padà sílé lọ máa fọwọ́sowọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tiwa ni "amúnisìn", kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́. "Mínísítà fún Àwọn Ilẹ̀ Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì" ni kí a fi sí orí rẹ̀, kí a wá fi ẹnu ara wa sọ ìdájọ́ náà nínú ìtàn.

Èyí tó kù ni Lord Privy Seal, tí àbá náà pè ní "Mínísítà Èdìdì". Kò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kankan lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí mínísítà wọ inú orúkọ rẹ̀. "Olùtọ́jú Èdìdì Ọba" tó, nítorí oyè ni a ó gbọ́, a kò ní máa wá iṣẹ́ ojúmọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ipò yìí ni wọ́n fún Bevin ní oṣù kẹta 1951, nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mọ́, inú rẹ̀ ló sì wà nígbà tó kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e.