Rọ́bọ́ọ̀tì káńsù ní ẹ̀dínwó council tax ò tọ́ sí mi mọ́ torí ọmọ mi ti pé 18. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. London la wà, èmi àti ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni káńsù ti ń yọ 25% fún mi nínú council tax (owó tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń gbà lórí ilé téèyàn ń gbé), torí èmi nìkan ni àgbà nílé. Ọmọ pé 18 lóṣù kẹjọ, ó wọ yunifásítì lóṣù kẹsàn-án. Lẹ́tà dé: wọ́n ti mú ẹ̀dínwó kúrò, kí n máa san odindi.

Mo pè wọ́n, ohùn inú fóònù ní kí n lọ bá rọ́bọ́ọ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn mi. Ó bi mí pé: àgbà mélòó tó ti pé 18 ló ń gbé ilé yìí? Mo tẹ 2. Mi ò lè purọ́, ọmọ ṣì ń wálé nígbà ìsinmi, yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀dínwó ò tọ́ sí mi. Mo kọ ọ́ pé ọmọ mi ni, ilé ìwé ló wà, kò ríṣẹ́ ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ò yé òun, kí n yan ọ̀kan: san owó, yí àdírẹ́sì padà, ìdọ̀tí tí wọn ò kó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú.

Ṣé kí n gba kádàrá ni, àbí kí n dáwọ́ owó dúró títí èèyàn ẹlẹ́ran ara á fi dá mi lóhùn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ owó dúró o! Mo ti kó sí i rí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìránnilétí ránṣẹ́, ọjọ́ 7 ni wọ́n fún mi. Ó kọjá, ni wọ́n bá ní kí n kó gbogbo owó tó kù lọ́dún náà wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ìwé ilé ẹjọ́ dé, owó ẹjọ́ sì gorí ẹ̀. Ẹ san èyí tí wọ́n kọ, ẹ máa bá wọn fà á. Bí wọ́n bá tún un ṣe, wọ́n á dín in nínú èyí tó kù.

ỌMỌ ÌJẸ̀ṢÀ: Ẹ kú ìrọ́jú mà. Mo máa ń bá àwọn èèyàn wa kọ fọ́ọ̀mù ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rí jù. Ìbéèrè tó bi yín ló kúrú. Òfin council tax kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún mọ́ àgbà ilé, bó tilẹ̀ ń sùn nílé lójoojúmọ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á kà, 25% yín ṣì tọ́ sí yín. Oṣù kẹjọ náà ò gbọdọ̀ di gbèsè: ẹni tí kò tíì pé 20, tó parí ilé ìwé lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, wọn kì í kà á títí di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dá a padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un kúrò. Kí ọmọ gba ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ fún council tax lọ́dọ̀ yunifásítì. Ẹ má kọ gbólóhùn gígùn sí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn, ẹ tẹ "student" nìkan. Ẹ ya àwòrán ohun tó bá sọ pa mọ́.

BỌ̀DÁ LEEDS: Rọ́bọ́ọ̀tì káńsù tèmi máa ń yá tó bá jẹ́ ti ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ owó ló yàtọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹ ò fara mọ́ ọn. Bí oṣù 2 bá kọjá láìsí èsì gidi, ẹ gbé e lọ sí Valuation Tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ council tax, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín náà lè bá yín bi wọ́n.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Olúwa á ṣe tiyín náà. Mo tẹ "student" nìkan, fọ́ọ̀mù yọ. Kí tíì mi tó tutù lọmọ ti fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ láti yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi, mo kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà wọn. Owó oṣù yìí, mo ti san án. Tí wọ́n bá dáhùn, mà á padà wá sọ.