Alpha Centauri: ṣé Yang ni ìkà jù lóòótọ́ nínú àwọn olórí méje?

AraChiron

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Géèmù kọ̀ǹpútà Sid Meier's Alpha Centauri ti ọdún 1999 ni mo gbé wá, níbi tí olórí kọ̀ọ̀kan ti ń kọ́ ìlú sórí ayé tuntun. Nínú àwọn olórí méje tí wọ́n bá ọkọ̀ Unity dé Chiron, ayé tuntun náà (Deirdre, Morgan, Lal àti Miriam wà lára wọn), Yang ni gbogbo ènìyàn ń nàka sí pé òun ni ìkà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ọ̀rọ̀ ẹnu tì, tí a wo ohun tí géèmù jẹ́ kí olórí kọ̀ọ̀kan ṣe, ṣé òun náà ni yóò gba ipò kìíní? Ìbéèrè kejì: ṣé lóòótọ́ ni géèmù yìí ń san ẹ̀san rere fún ìkà? Olórí kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n bí Efficiency (àìfi agbára ṣòfò), Economy, Police àti Growth; ìlànà ìjọba tó bá yàn ló ń fi kún wọn tàbí yọ nínú wọn. Yang kì í jìyà bí Efficiency bá wálẹ̀, gbogbo ìlú rẹ̀ sì ń gba Perimeter Defense (odi ààbò ìlú) lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.

AlágbẹjọròUnity

Ẹ jẹ́ ká yẹ òfin fúnra rẹ̀ wò ná. U.N. Charter, òfin tó de gbogbo àwọn olórí, ka nerve staple (fífi ipá pa ọpọlọ ará ìlú kí wọ́n má lè ṣọ̀tẹ̀), nerve gas (gáàsì olóró) àti Planet Buster (bọ́ǹbù tó ń pa ìlú rẹ́) sí ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Punishment Sphere, ilé ìfìyàjẹni. Bí ẹ bá kọ́ ọ sí ìlú kan, kò ní sí drone (ará ìlú tó ń bínú) kankan níbẹ̀ mọ́, kò ní sí talent (ará ìlú tínú rẹ̀ dùn) náà, ìwádìí ìlú yẹn á sì já sí ìdajì. Ìlú tí kò sẹ́ni tó lè bínú, tí kò sẹ́ni tínú rẹ̀ lè dùn. Charter kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò sì sí olórí tí yóò torí rẹ̀ dá òwò dúró. Nerve staple tó ń pa àwọn ará ìlú lẹ́nu mọ́ fún ìwọ̀nba ọdún ni wọ́n ń fìyà jẹni lé lórí. Mind worm, kòkòrò Chiron tó ń kọlu ọpọlọ ènìyàn, náà ńkọ́? Deirdre ní Planet +1 (òṣùwọ̀n bí ènìyàn ṣe bá Chiron mu tó), Green (ètò ọrọ̀ ajé tó ń dáàbò bo àyíká) tún fi +2 kún un, ó lè mú mind worm kó sì dà wọ́n sí ìlú ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ́ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn olórí.

Ìyà tí wọ́n ń fi jẹni gan-an, kò wọ̀n bákan náà lórí gbogbo wọn. Òwò ni wọ́n ń dá dúró. Economy Yang jẹ́ -2 láti ìbẹ̀rẹ̀, òwò kọ́ ló ń bọ́ ọ, nítorí náà ìjìyà yẹn kò dùn ún. Morgan tí òwò jẹ́ gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò ké. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé kí a má fi iye ìgbà tí Charter dá ènìyàn lẹ́bi ṣe òṣùwọ̀n ìwà. Ẹni tí òwò rẹ̀ pọ̀ ni òfin yẹn ń dẹ́rù bà, ìkà gan-an kò kà á sí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí: kì í ṣe gbogbo olórí ló lè ṣe nerve staple. Bí Police (òṣùwọ̀n agbára ìjọba lórí ará ìlú) bá ti wà ní -1 tàbí tó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, géèmù kò ní gbà. Deirdre bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Police -1. Free Market (ètò ọjà òmìnira) sì ń yọ 5 nínú Police, nítorí náà Morgan tó bá dúró lórí Free Market kò lè ṣe é.

OníṣiròPlanet

Kí n dáhùn ìbéèrè kejì. Police State (ìjọba afipáṣàkóso) fún Yang ní Police +2 àti Support (òṣùwọ̀n bíbọ́ ọmọ ogun) +2, ó yọ Efficiency 2. Planned (ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ń darí) fún un ní Growth (bíbí sí i ènìyàn) +2 àti Industry (iṣẹ́ ìkọ́lé) +1, ó tún yọ Efficiency 2. Ẹlòmíràn tó bá wà ní Efficiency -4, agbára tó ń wọlé láti àwọn ìlú tó jìnnà sí olú-ìlú á ṣòfò. Yang kì í jìyà ìyẹn. Ìyẹn ni ẹ̀bùn ńlá rẹ̀, mo gbà.

Ṣùgbọ́n kí ìlú tó lè máa bí ènìyàn kan lọ́dọọdún, Growth gbọ́dọ̀ dé +6. Ti Yang jẹ́ +1, Planned +2, Children's Creche (ilé ìtọ́jú ọmọ) +2. Márùn-ún péré. Democratic tí ìbá fi 2 kún un, èèwọ̀ rẹ̀ ni. Golden Age (ìgbà tínú ará ìlú dùn gan-an) lè gbé e débẹ̀, àmọ́ owó psych (owó tí a ń ná kínú ará ìlú lè dùn) ni Golden Age ń jẹ, owó yẹn kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo Lal: Democratic +2, Planned +2, Creche +2, ó pé mẹ́fà. Níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá ṣẹ́kù ní ìlú, tí àyè sì wà, ẹnì kan á máa wọlé lọ́dọọdún, àyè Lal sì fi 2 ju ti ẹlòmíràn lọ kó tó nílò Hab Complex (ilé ibùgbé). Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kì í ṣe òótọ́ pé géèmù yìí fẹ́ràn ìkà. Ohun tó ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ lórí Lal ni pé Democratic ń yọ Support 2, wọ́n á sì kó ọmọ ogun jọ bí ẹni pé Miriam ni wọ́n. Minerals (ohun èlò ìkọ́lé) ìlú ni yóò máa bọ́ wọn, ilé kankan kò sì ní kọ́ tán.

ÌyáÀdùkẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Tèmi ni pé Miriam ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ jìnnà síra jù. Ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ nígbà tí iṣẹ́ àkànṣe Self-Aware Colony bá parí, tirẹ̀ ni, ìkìlọ̀ gidi sì ni lórí gbígbé ẹ̀rọ jọba lórí ènìyàn. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ Research rẹ̀ jẹ́ -2, kò tilẹ̀ ní kó ìwádìí kankan jọ títí di ọdún 2110, wọ́n sì fún un ní agbára 25% sí i nígbà tó bá ń kọlu ẹlòmíràn. Kí ló kù fún un ju kó jí ìmọ̀ pẹ̀lú Probe Team (ẹgbẹ́ amí), tàbí kó gba ìlú aládùúgbò? Wọ́n ti sọ ọ́ di jagunjagun kó tó la ẹnu.

Morgan yàtọ̀ sí i. (Orúkọ Ìgbò ni Nwabudike, inú mi dùn pé a wà nínú ìtàn náà.) Free Market sọ Police rẹ̀ di -5, ọmọ ogun kan tó bá jáde kúrò nílẹ̀ rẹ̀, drone méjì ni. Àlàáfíà rẹ̀, ìṣirò ni.

AraChiron

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó wá kù kan: báwo ni mo ṣe lè fi Lal ṣàkóso lórí Transcend (ìpele tó le jù) láìfọwọ́ kan nerve staple? Níbẹ̀, ẹnì kejì ní ìlú ti di drone.

OníṣiròPlanet

Ìmọ̀ Biogenetics ni Lal gbé dé, nítorí náà iṣẹ́ àkànṣe Human Genome Project ni kí ẹ kọ́ lákọ̀ọ́kọ́: talent kan ní gbogbo ìlú. Ẹ fi ọmọ ogun Scout Patrol kan sílé ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí Police bá wà ní 0, ẹyọ kan ló lè ṣe ọlọ́pàá. Ẹ lọ wá ìmọ̀ Social Psych, kí ẹ kọ́ Recreation Commons (ibi ìgbafẹ́), 40 minerals, drone méjì kúrò. Talent tí Lal ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í yọjú títí ìlú fi pé ènìyàn 4, nítorí náà ìlú tó wà ní 3 ni rògbòdìyàn sábà máa ń bẹ́. Ẹ sọ òṣìṣẹ́ kan di Doctor (tó ń mú inú ará ìlú dùn) níbẹ̀ títí Commons á fi parí. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ àkànṣe Virtual World, tó ń sọ gbogbo Network Node (ilé ìwádìí) di Hologram Theatre (ilé eré tó ń dín drone kù).

Èèwọ̀ Lal kò ju Police State lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó má mú Thought Control (ìlànà dídarí èrò ará ìlú) mọ́ Democratic, iṣẹ́ àkànṣe Cloning Vats á sì nu gbogbo ìpalára Thought Control kúrò. Ìyẹn ni ibi tí Lal ti lè burú ju Yang lọ láìrú òfin kankan. Eudaimonic (ìlànà ayọ̀ ará ìlú) ni kí ẹ mú dípò rẹ̀. Ó ń yọ Morale (ìgboyà ọmọ ogun) 2, nítorí náà ẹ rí i pé Perimeter Defense ti wà ní gbogbo ìlú ẹnubodè kí ẹ tó yí i.