Ìrírí ìyá mi: kànáfùrù, àtè oyin àti ìtọ́jú gbòǹgbò eyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí eyín ìsàlẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóru ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, kànáfùrù ni wọ́n ń rún sí i, ara sì ń tù wọ́n, nítorí pé eugenol tí ó wà nínú rẹ̀ ń mú kí ojú ibẹ̀ má mọ ìrora fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Nígbà tí ó yá, ìrora náà dáwọ́ dúró pátápátá, lẹ́yìn náà ni èrìgì wọn wú. Ẹran inú eyín ti kú. Kòkòrò ti wọ inú gbòǹgbò, níbi tí ohun tí a rún sí ẹnu kò lè dé.

Dókítà eyín tí ó tọ́jú wọn ní Adó-Èkìtì dá eyín náà lu, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú gbòǹgbò rẹ̀, ó sì ń fi sodium hypochlorite, èròjà tí ó wà nínú Jik, fọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lo propolis, àtè tí oyin ń kó lára igi láti fi dí ihò ilé wọn. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, mo sì mọyì rẹ̀. Ó ní àwọn olùwádìí ti rí i pé propolis ń pa Enterococcus faecalis nínú ìgò àyẹ̀wò, kòkòrò olóríkunkun tí a sábà máa ń bá nínú eyín tí a ti tọ́jú rí tí ó tún ń yọni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n hypochlorite ń pa kòkòrò, ó tún ń yọ́ òkú ẹran dànù, iṣẹ́ kejì yìí sì ni propolis kò lè ṣe bíi tirẹ̀. Ewu hypochlorite ni pé ó máa ń jó ẹran ara bí ó bá gba ìdí gbòǹgbò jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ohun tí ó tutù jù ú lọ.

Òórùn kànáfùrù gba yàrá nígbà tí wọ́n fi ohun onígbà díẹ̀ dí ihò náà: eugenol ni wọ́n pò mọ́ zinc oxide, ẹ̀tù funfun kan. Inú ìyá mi dùn gidigidi! Gutta-percha tí wọ́n padà fi dí gbòǹgbò pa, oje igi ni òun náà.

Igi tí oyin bá bà lé ni ó ń sọ ohun tí ó wà nínú àtè wọn, nítorí náà ti Èkìtì kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ti Bràsíìlì. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń sin oyin máa ń ha tirẹ̀ dànù, ó sì ń dùn mí, nítorí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ti lo propolis nínú gbòǹgbò eyín ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ó ṣe rí fún wa.